Goethe àti àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ ní Naples

Ní ọdún 1787, ìwé kan wà tí àwọn àlejò láti Jámánì máa ń mú dání bí wọ́n bá ń lọ sí Ítálì. Volkmann ni orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìwé náà ń júwe ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn ilé ńlá rẹ̀, àwọn àwòrán rẹ̀ àti ìwà àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí ó kan ìlú Naples, ìwé náà sọ pé àwọn ọ̀lẹ tí ó wà níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n sí ogójì, tí wọn kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àlejò ka ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbà á gbọ́, nítorí pé bí wọ́n bá yọjú láti inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn, àwọn ènìyàn tí ó jókòó ni wọ́n ń rí lóòótọ́. Àlejò kan wà tí kò tètè gbà á. Ó jáde ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ènìyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àlejò náà ni Johann Wolfgang Goethe. Àwọn ará Jámánì ń pe orúkọ náà bí ẹni tí ó ń sọ pé Gẹ́tẹ̀.

Ìlú Frankfurt ní Jámánì ni wọ́n bí Goethe sí, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1749. Ilé olówó ni. Bàbá rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ ọn jù ni ìrìn àjò tí ó ti rìn lọ sí Ítálì ní ọdún 1740. Ó gbé àwòrán ìlú Róòmù kọ́ sára ògiri ilé. Ó tún mú ọkọ̀ kékeré kan bọ̀ láti Venice, àwòkọ irú ọkọ̀ tí àwọn ará ìlú náà fi ń rìn lórí omi, tí wọ́n ń pè ní gondola. Bàbá náà kà á sí ohun iyebíye, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi ṣeré. Báyìí ni ọmọ náà ṣe dàgbà pẹ̀lú Ítálì níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, láìtíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Leipzig, lẹ́yìn náà ní Strasbourg, ìlú tí ó wà lábẹ́ ọba Fàráńsé nígbà náà. Ní ọdún 1774, ó kọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìfẹ́ pa, tí ó ń jẹ́ Werther. Ìwé náà tàn ká gbogbo Yúróòpù. Napoléon pàápàá kà á, ó sì bá Goethe sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé ní ọdún 1808. Ṣùgbọ́n kí èyí tó ṣẹlẹ̀, Karl August, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jọba Weimar, ìlú kékeré kan ní Jámánì, ti ránṣẹ́ pe òǹkọ̀wé náà ní ọdún 1775. Ó fi í sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Goethe ń bójú tó ọ̀nà, ó ń bójú tó ibi ìwakùsà àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun; nígbà tí ó yá, wọ́n fi àpò ìlú náà kún un. Fún ọdún mẹ́wàá, ìwé ìjọba ni ó ń kọ ju ìtàn lọ. Iṣẹ́ tí ó ní láárí ni, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́ dé ọkàn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1786, ní aago mẹ́ta òru, ó yọ́ kúrò ní Karlsbad, níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń sinmi. Kò dágbére fún wọn, nítorí ó mọ̀ pé wọn kò ní jẹ́ kí òun lọ. Ọmọ ọdún 37 ni. Ó pa orúkọ rẹ̀ tì, ó gba orúkọ mìíràn, Möller. Nígbà tí ó dé Róòmù, ayàwòrán ni ó pe ara rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ẹni ńlá kì í rí ojú pópó bí ó ti rí. Bí ó bá ń kọjá, àwọn ènìyàn á dìde, wọ́n á ṣí fìlà, ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ á sì dúró.

Kí ó tó ráyè wo àwọn ará Ítálì, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wò ó. Ní Malcesine, ìlú kékeré kan létí adágún Garda, ó jókòó ó ń ya àwòrán ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan tí ó ti ń wó. Ènìyàn méjì dé, mẹ́ta dé, láìpẹ́ èrò pé lé e lórí. Ọ̀kan nínú wọn gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya. Olórí ìlú dé pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀. Abẹ́ Venice ni Malcesine wà, ilẹ̀ ọba Austria kò sì jìnnà. Wọ́n rò pé amí ni. Goethe ń ṣàlàyé pé ògiri àtijọ́ náà rẹwà lójú òun, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí àlejò lè máa wá lára ògiri tí ó ti wó. Ohun tí ó gbà á sílẹ̀ ni pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gregorio ti ṣiṣẹ́ rí ní Frankfurt. Wọ́n ní kí ó wá dán àlejò náà wò. Gregorio bi í nípa àwọn ìdílé tí ó mọ̀ níbẹ̀, ta ni ó fẹ́ ta, ta ni ó bímọ. Goethe dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìbínú àwọn èrò rọ̀, wọ́n jẹ́ kí ó máa rìn káàkiri bí ó ti wù ú.

Nígbà tí ó dé Verona, ó rí i pé bàtà gígùn tí òun wọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò. Bàtà olówó iyebíye ni lójú wọn, wọn kì í wọ irú rẹ̀ nígbà òtútù pàápàá. Goethe ṣàkíyèsí aṣọ tí àwọn tí kì í ṣe olówó tí wọn kì í sì í ṣe tálákà ń wọ̀ ní ìlú náà, ó sì ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún òun. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni kò ti wò ó mọ́, tí òun fúnra rẹ̀ sì ráyè wò. Ó rí i pé ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Verona kò ní ilẹ̀kùn níwájú. Ẹni tí ó ń kọjá lè rí ohun gbogbo títí dé inú pátápátá. Àwọn aránṣọ ń fa òwú, àwọn aṣebàtà ń na awọ, ìdajì ara wọn wà ní ìta. Bí alẹ́ bá lẹ́ tí wọ́n tan iná, gbogbo pópó náà a dà bí ilé kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ó rí Venice. Nígbà tí gondola àkọ́kọ́ sún mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ohun ìṣeré bàbá rẹ̀ ni ó rántí. Ó lo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún níbẹ̀. Lójú rẹ̀, àwọn òpó àti àwọn ilé ọlọ́lá kọ́ ni ìlú náà. Àwọn tí ó ń ké tà, tí ó ń kọrin, tí ó ń jiyàn létí omi ni. Ó dúró ti onítàn kan létí èbúté, tí àwọn mẹ̀kúnnù yí ká. Ó ń sọ ìtàn ní èdè Venice, èyí tí etí àlejò kò gbọ́ dáadáa, àwọn tí ó yí i ká sì fi ara balẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Ohun kan ni ó bí i nínú, èyíinì ni ìdọ̀tí. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ a dàpọ̀ mọ́ pàǹtírí, a sì máa ta sí ènìyàn láṣọ. Ó wí pé òun wá sinmi iṣẹ́ ìjọba, síbẹ̀ bí ó ti ń rìn ni ó ń to òfin ìmọ́tótó kan lọ́kàn rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi í ṣe olórí àwọn agbálẹ̀ Venice.

Ó wọ Róòmù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1786. Ojú pópó Corso, ọ̀nà gígùn tóóró kan tí ó la àárín ìlú kọjá, ni ó ń gbé, nínú ilé ọkùnrin kan tí ó ti ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin rí, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fi yàrá háyà fún àlejò. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán láti Jámánì ni wọ́n jọ wà níbẹ̀, Tischbein ni ó dàgbà jù nínú wọn. Ní ọjọ́ kan, ìyá onílé sáré wá pè é: ológbò òun ń gbàdúrà sí ère orí òrìṣà tí Goethe rà sínú yàrá! Goethe lọ wò ó. Ọ̀rá tí ó kù lára irùngbọ̀n ère náà ni ológbò ń lá. Kò sọ òtítọ́ náà fún obìnrin náà, ó jẹ́ kí ó máa yà á lẹ́nu.

Tischbein ya àwòrán ńlá kan ti Goethe, pẹ̀lú aṣọ funfun àti fìlà gbòòrò, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ya kékeré kan tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Nínú rẹ̀, a kò rí ojú Goethe rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a rí: ó wọ bàtà ilé, ó fara ti ojú fèrèsé, ó yọ orí síta, ó ń wo Corso nísàlẹ̀. Àwòrán náà wà ní Frankfurt di òní.

Ní oṣù kejì ọdún 1787, ó lọ sí Naples. Ìlú ńlá ni, òkè oníná Vesuvius sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Goethe gùn ún. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́, ó rí i tí wọ́n gbé ìkòkò epo lé iná níwájú ilé. Jósẹ́fù ni alábòójútó gbogbo àwọn tí ń din àkàrà ìyẹ̀fun ní ìlú náà. Ẹnì kan ń po ìyẹ̀fun, ẹnì kejì ń ṣe é róbótó bí òrùka, ó ń jù ú sínú epo gbígbóná, ẹnì kẹta ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kó o jáde. Ní ọjọ́ mìíràn tí òtútù mú, ó rí àwọn ọmọdé tí wọ́n jókòó yí ká orí ilẹ̀ lásán, wọ́n na ọwọ́ sí òkúta. Ó rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ó wádìí, ó sì gbọ́ pé alágbẹ̀dẹ kan ni ó dá iná síbẹ̀ láti fi irin mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Alágbẹ̀dẹ ti lọ, iná ti kú, ṣùgbọ́n ooru ṣì wà nínú òkúta. Àwọn ọmọ náà kò fẹ́ kí ó ṣòfò.

Láti Naples ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Sicily. Ní Palermo, ìlú tí ó tóbi jù níbẹ̀, ìdọ̀tí tún ń dà á láàmú. Ó bi ọlọ́jà kan léèrè ìdí tí wọn kò fi kó pàǹtírí kúrò. Ọlọ́jà náà fi àwàdà dá a lóhùn pé àwọn ọlọ́lá ni kò fẹ́ kí wọ́n kó o, nítorí pé ó jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ fún kẹ̀kẹ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré jáde ní ìrọ̀lẹ́. Bóyá àwàdà ni, bóyá kì í ṣe àwàdà.

Nígbà tí ó padà sí Naples ní oṣù karùn-ún, ọ̀rọ̀ Volkmann nípa àwọn ọ̀lẹ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Ó rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n dúró sí oríta: alárù ni wọ́n, àyè tiwọn ni ibẹ̀, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò gbé ẹrù fún wọn. Ó rí àwọn tí wọ́n dúró ti ẹṣin àti kẹ̀kẹ́: wọ́n ń dúró de èrò. Ó rí àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń fa ìkòkò tábà ní èbúté, àti àwọn apẹja tí wọ́n sùn sínú oòrùn, bóyá nítorí pé afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò gba ọkọ̀ láàyè. Nínú gbogbo wọn, alágbe tí ó rí kò pọ̀, àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀ ara ni. Bí ó ti ń wò sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀lẹ ń dínkù.

Àwọn ọmọdé ni ó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù. Àwọn kan ń gbé ẹja láti etí òkun lọ sí àárín ìlú. Àwọn kan wà nítòsí ibi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣa èérún igi sínú agbọ̀n. Bí agbọ̀n bá kún, wọ́n á jókòó, wọ́n á pín igi náà sí òkìtì kéékèèké, wọ́n á tà á fún tálákà tí ó fẹ́ dáná. Àwọn mìíràn ń tà omi ìsun tí wọ́n ní ó ń fún ara lókun. Ọmọdékùnrin kan gbé elégédé sísun àti ọ̀bẹ kékeré. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé jọ, ó ń gé e fún wọn fún owó bàbà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá yóò gé e dọ́gba.

Ohun tí ó ya Goethe lẹ́nu jù lọ ni ìdọ̀tí. Ẹni tí ó ti bínú sí pàǹtírí Venice àti ti Palermo rí i pé ní Naples, pàǹtírí ni owó. Ìlú náà ń jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀, ewé àti èèpo rẹ̀ sì ń kún ojú pópó. Àwọn olóko ẹ̀fọ́ a máa wọlé láti ẹ̀yìn ìlú pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó ru agbọ̀n méjì. Wọ́n á ṣa gbogbo ewé náà, wọ́n á kó ìgbẹ́ ẹṣin kún un, wọn kò ní í fi ọ̀kankan sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ajílẹ̀ ni fún oko wọn, ẹ̀fọ́ tí ó hù níbẹ̀ a sì tún padà wá sí ìlú. Ọkùnrin méjì tí wọ́n bá da owó pọ̀ ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, tí wọ́n sì yá ilẹ̀ díẹ̀, lè ti ibẹ̀ di olóko gidi.

Ohun tí Goethe rí kọ́ nínú èyí ni pé ará ìlú òtútù ni ó ń fi òtútù tirẹ̀ díwọ̀n ará ìlú oòrùn. Ní Jámánì, ẹni tí kò bá tọ́jú igi àti oúnjẹ pamọ́ sílé kí òtútù tó dé yóò kú. Ní Naples, ẹni tí kò wọ bàtà kò fi bẹ́ẹ̀ jìyà, ẹni tí ó sùn síta kò sì sọnù. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí adùn wà nínú iṣẹ́ náà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Goethe jẹun yó nígbà tí ó jáde lọ wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kò sì béèrè púpọ̀ nípa ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí wọ́n ń yá. Òṣì wà ní Naples tí oòrùn kò wò sàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1799, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Fàráńsé dé láti gba ìlú náà, ọba ti sá lọ. Àwọn mẹ̀kúnnù ojú pópó tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ ni wọ́n jà fún ìlú wọn láti pópó dé pópó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ wọn sì kú.

Goethe padà sí Róòmù ní oṣù kẹfà ọdún 1787, ó sì tún gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Ó ti rí ayẹyẹ ìbòjú Róòmù lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n ń ṣe kí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ariwo rẹ̀ kò bá a lára mu nígbà náà. Ní ọdún 1788, ó tún un wò, nísinsìnyí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ojú pópó Corso, lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin wọ aṣọ obìnrin, obìnrin wọ aṣọ ọkùnrin, ìránṣẹ́ ń fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tú àwọn ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò gùn sílẹ̀, wọ́n á sáré la àárín èrò kọjá, nígbà mìíràn wọ́n a sì pa ènìyàn lára. Ní alẹ́ ìkẹyìn, olúkúlùkù á gbé àbẹ́là tí a tàn dání, ẹnìkejì rẹ̀ á sì máa gbìyànjú láti fẹ́ ẹ pa. Goethe rí ọmọ kékeré kan tí ó fẹ́ àbẹ́là bàbá rẹ̀ pa, tí ó sì ń kígbe ikú lé e lórí bí àṣà alẹ́ náà, bàbá sì ń bá a wí lásán. Ó ṣàkíyèsí pé ìjọba kọ́ ni ó ń ṣe ayẹyẹ yìí fún àwọn ará ìlú. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe é fún ara wọn. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1789 pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ ogún.

Ó kúrò ní Róòmù ní oṣù kẹrin ọdún 1788, ó dé Weimar ní oṣù kẹfà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i pé kì í ṣe ẹni tí ó lọ ni ó bọ̀. Láàárín oṣù kan, ó ti bá Christiane Vulpius, ọmọbìnrin tálákà kan tí ó ń ṣe òdòdó aṣọ, pàdé. Àwọn ọlọ́lá ìlú gan án, ṣùgbọ́n Goethe kò fi í sílẹ̀, ó sì fi í ṣe ìyàwó ní ọdún 1806. Ìgbà tí ó dàgbà, ní ọdún 1816 àti 1817, ni ó tó tẹ apá àkọ́kọ́ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ sí Ítálì jáde. Ìgbà tí ó di arúgbó, ní ọdún 1829, ni apá ìkẹyìn jáde.

August, ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún òun àti Christiane, fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ tí bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ ti rí. Ó lọ ní ọdún 1830. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó kú ní Róòmù, wọ́n sì sin ín síbi ìsìnkú àwọn àlejò, nítòsí òkúta gogoro kan tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ kọ́. Nígbà tí Goethe wà ní Róòmù, ó ti ya àwòrán ibojì ara rẹ̀ sí ibẹ̀ gan-an. Orúkọ August kò sí lára òkúta ibojì náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọmọ Goethe, tí ó ṣáájú bàbá rẹ̀ lọ, ni ó wà níbẹ̀. Bàbá náà kú ní Weimar ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1832, ẹni ọdún 82.